Ọkọ Mi Tí Wọ́n Ti Sin ní Kétu

Ní Libreville, oṣù mélòó kan wà láàrin ọdún tí òjò kì í rọ̀, tí oòrùn kì í sì í yọ. Ojú ọ̀run a máa rí bí omi tí wọ́n fi fọ ìdí ìkòkò, atẹ́gùn òkun a máa tutù wọ ara, bí ènìyàn bá sì wolẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kò ní rí òjìji ara rẹ̀. Àwa tí a ti ilẹ̀ olóòrùn wá kì í tètè fi èyí mọ́ra. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo bi ìyá onílé wa pé ta ni a ṣẹ̀ tí wọ́n fi mú oòrùn lọ, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi padà wá bá mi ní Akébé, àdúgbò wa, lẹ́yìn tí a ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ti fá irun orí mi, tí mo sì wà nínú aṣọ dúdú.

Owó epo rọ̀bì ló kó gbogbo wa lọ síbẹ̀. Ìlú náà ń kọ́lé lójoojúmọ́. Ilé alájà ń yọ létí òkun, katakata ń ya ilẹ̀ pupa, ọkọ̀ akẹ́rù ń kó igi okúmé lọ sí èbúté Owendo láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tí kò rí jẹ. Sakété ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ni mo tẹ̀lé wá láti máa ránṣọ. Ọmọ Kétu ni ọkọ mi, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ló ń ṣe. Libreville la ti pàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti so wá pọ̀, n kò sì dé Kétu rí títí di òní. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbàlagbà máa ń sùn lọ kí ó tó fá orí wọn tán. Mo máa ń fi èyí yangàn láàrin àwọn ẹgbẹ́ mi, àfi bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́.

Àlejò tó bá fẹ́ jókòó pẹ́ ní ìlú náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ìgbélùú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní séjúù. Séjúù nìkan kò sì tó bí o bá fẹ́ rìnrìn àjò. O ní láti gba òǹtẹ̀ ìjáde, kí wọ́n lè mọ̀ pé o kò sá fún ẹnikẹ́ni, kí o tún gba òǹtẹ̀ àbọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ò ń padà bọ̀. Òǹtẹ̀ àbọ̀ yìí ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Bí ọjọ́ náà bá kọjá nígbà tí o ṣì wà níbi tí o lọ, gbogbo ọdún tí o ti lò ní Libreville kò jámọ́ nǹkan kan mọ́. O ti di àlejò tuntun, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wàá dúró sí. Ìwé tèmi kò tilẹ̀ dá dúró. Abẹ́ ti ọkọ mi ni wọ́n kọ orúkọ mi sí, gẹ́gẹ́ bí aya rẹ̀. Bí tirẹ̀ bá kú, tèmi náà kú nìyẹn.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ fi ayé sílẹ̀ ní Kétu, kò sí àríyànjiyàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Òun ni dáwódù, òun ni wọ́n ń retí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ Nàgó, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa Yorùbá, tó wà ní Akébé wá kí i, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọ́n gbàdúrà fún un. Ó gba òǹtẹ̀ méjèèjì, ó wọkọ̀ lọ. Kò tíì pẹ́ tó lọ ni ọ̀rọ̀ ẹnubodè dé. A kàn gbọ́ lórí rédíò lọ́jọ́ kan pé ẹnikẹ́ni tó bá ń ti orílẹ̀-èdè wa bọ̀ kò ní lè wọlé mọ́ títí di ìgbà tí wọn yóò tún sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ àlejò tuntun, ìbáà jẹ́ ẹni tó ti hu ewú sí ìlú náà. Ẹni tó wà nínú lè dúró sínú. Ẹni tó bá jáde, kí ó mọ̀ pé òun ti jáde. Ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ ni. Kò kan onígbàjámọ̀, kò kan aránṣọ, àmọ́ orí wa ló bọ́ sí. Lẹ́tà kò dé mọ́. Mo ń lọ béèrè ní ilé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n a ní kí n ní sùúrù, mo sì ń wo bí ọjọ́ tí òǹtẹ̀ àbọ̀ ọkọ mi máa tán ṣe ń sún mọ́lé, títí tó fi dé tó sì kọjá.

Ẹnu ni ìròyìn ikú rẹ̀ bá wọlé, torí ẹnu nìkan ni wọn kò rí tì ní ẹnubodè. Ará Kétu kan sọ fún ará Kútọnu, ará Kútọnu sọ fún oníṣòwò kan ní Dúálà, oníṣòwò náà gbé e dé Akébé. Wọ́n ní ọmọ Kétu tó ń fárí ní Libreville, tó wá sìnkú bàbá rẹ̀, ibà ti pa á, wọ́n sì ti sin ín sí ẹ̀gbẹ́ bàbá náà. Alága ẹgbẹ́ Nàgó kó àwọn àgbà sẹ́yìn wá bá mi. Nígbà tí mo rí i pé kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ jókòó nínú wọn, mo ti mọ̀. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Wọ́n fún mi láṣọ opó, wọ́n sì ránṣẹ́ pe onígbàjámọ̀ mìíràn láti àdúgbò PK8 kí ó wá fá orí mi. Mo rántí pé nínú ẹkún náà gan-an, mo ń bínú sí ọkùnrin yìí nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Mo ń rò ó nínú ara mi pé ọkọ mi kò jẹ́ fá orí ènìyàn báyìí. Ọgbọ́n mi ò tíì pọ̀ nígbà yẹn. Alága ní kí a má tíì sọ fún ìjọba pé ẹni tó ni séjúù ti kú, kí wọ́n má baà ní kí èmi náà jáde nígbà tí kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà délé.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń gán etí aṣọ, mo sì rí ẹsẹ̀ méjì tó dúró sí òdìkejì gọ́tà. Mo gbójú sókè. Ọkọ mi ni. Ó ti rù, àpò rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo aṣọ dúdú ọrùn mi, ó ń wo orí mi tí irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lé.

"Ta ló kú?" ló bi mí.

Ìyá onílé tó ń fẹ́ ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ atẹ sílẹ̀. Ó wọlé láìbojú wẹ̀yìn, mo sì gbọ́ bó ṣe yí kọ́kọ́rọ́. Èmi gún abẹ́rẹ́ mọ́ etí aṣọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ìwọ ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. Ó ní àbúrò òun ni, èyí tó tẹ̀lé òun, tí ojú wọn jọra. Ibà ló pa á lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wọn, àwọn ènìyàn sì gbé ìròyìn náà láìmọ ẹni tí wọ́n ń gbé. Ó ní òun gba Dúálà, níbi tí òun ti wọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń bọ̀ wá kó igi ní Owendo. Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ okùn díẹ̀ fún àwọn tó ti pẹ́ nílùú. Àwọn ọlọ́pàá èbúté rí i pé ìgbà tí ẹnubodè tì ni òǹtẹ̀ àbọ̀ rẹ̀ tán, nítorí náà wọn kò dá a padà. Wọ́n ní kí oṣù náà tó parí, kí ó wá fi ara hàn ní ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò, òun àti àgbàlagbà kan láti ìlú rẹ̀ tí séjúù tirẹ̀ ṣì dára, tí yóò dúró fún un, tí yóò jẹ́rìí pé ẹni tó pe ara rẹ̀ náà ló jẹ́. Bí kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó bá ń lọ ni wọn yóò fi í sí, èmi náà yóò sì tẹ̀lé e jáde.

Ó yẹ kí ó rọrùn. Ọmọ Kétu kún Akébé nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ bá a lọ, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú: àkúdàáyà. Mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kan kò nílò kí n ṣàlàyé. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé tó kú, tí kò lọ sí ọ̀run, tó gba ìlú òkèèrè lọ níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́yàwó, tó ń bímọ, títí di ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ kan yóò ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà ni yóò pòórá. Kò sí ìlú wa tí kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Libreville sì jìnnà. Nígbà mìíràn tí mo bá rò ó báyìí, ẹ̀rín a máa pa mí: gbogbo wa ní Akébé la jìnnà sílé, gbogbo wa là ń ṣiṣẹ́, tí à ń bímọ, láàrin àwọn tí kò mọ bàbá wa. Bí wọ́n bá ní kí a yẹ ara wa wò, ta ni ìbá yege?

Àwọn obìnrin àgbàlá wa kó ìmọ̀ràn bò mí, ìmọ̀ràn wọn kò sì bára mu. Ọ̀kan láti Pobè ní òkú kì í jẹ iyọ̀. Mo bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ korò. Ọkọ mi jẹ ẹ́, ó bi mí bóyá iyọ̀ ti di ọ̀fẹ́ ní Libreville, ó sì mu omi púpọ̀. Nígbà tí mo lọ jíṣẹ́, obìnrin kejì ní òùngbẹ a máa gbẹ òkú gan-an. Ẹ̀kẹta ní kí n wo òjìji rẹ̀. Mo ní kí ó bá mi gbé àga jáde sí àgbàlá, mo wolẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn kò sí. Òun kò ní òjìji, èmi kò ní, adìẹ tó ń jẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa pàápàá kò ní. Ìyá onílé kò dámọ̀ràn kankan ní tirẹ̀. Oníṣọ́ọ̀ṣì ni, ó kàn máa ń ka sáàmù nígbà tó bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá lọ síbi ẹ̀rọ omi.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, inú mi dùn pé ó padà, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ara rẹ̀ tutù, àmọ́ ara gbogbo ènìyàn ló tutù lásìkò yẹn. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí à ń jẹun ọ̀sán, mo bi í bí ìsìnkú bàbá rẹ̀ ṣe rí. Ó ní, "Èrò pọ̀. Mo dúró lẹ́bàá kòtò, wọ́n ń kọjá lára mi, kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀." Mo dá òkèlè padà sínú abọ́. Ó wò mí, ó ní ṣé n kò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ẹnu sọ̀rọ̀ ni, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. N kò béèrè mọ́.

Ó ṣí ìsọ̀ rẹ̀ padà, ó gbá a, ó nu dígí. Nínú gbogbo àwọn Nàgó tó ń fárí lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó yà síbẹ̀. Wọ́n a gba òdìkejì títì kọjá, wọ́n a kí i láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n a sì yára ẹsẹ̀. Ta ni yóò gbé orí rẹ̀ fún òkú tó mú abẹ lọ́wọ́? Àwọn ọmọ onílùú tí kò mọ ìtàn wa nìkan ló ṣẹ́ kù fún un, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo tó fẹ́ kí irun wọn gé dáadáa kí wọ́n tó padà síbi tí wọ́n ti ń wa epo lórí omi. Ó ń gé tiwọn, ó ń bá wọn sọ Faransé, kò sì fi hàn pé òun rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì títì. Èmi ni mo ń rí i, tí ojú ń tì.

Nígbà tí mo lọ kúnlẹ̀ bẹ àwọn àgbà Kétu, wọn kò lé mi. Wọ́n ní kí n dúró de alágbẹ̀dẹ wúrà. Bàbá yìí ló pẹ́ jù ní Libreville nínú gbogbo wọn. Ó ti ń rọ yẹtí fún àwọn ìyàwó ìlú náà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé epo wà nílẹ̀ wọn. Òun náà lọ sílé, ẹnubodè sì tì mọ́ ọn síta. Wọ́n ní ó wà níbi ìsìnkú ẹni tí wọ́n sọ pé ó kú náà, ó rí i lójú ara rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ pé ìjọba ti gbà pé kí irú rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé. Ohun tó bá sọ ni wọ́n máa gbà. Mo dúpẹ́, mo sì gbé ìbẹ̀rù tuntun délé. Ọkọ mi wà láàrin òfin méjì. Ti ìjọba ní bí ará ìlú rẹ̀ kò bá wá, yóò lọ. Ti àwọn baba wa ní bí ará ìlú rẹ̀ bá wá, yóò lọ.

Oṣù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí a gbọ́ pé bàbá ti dé. Ó ṣe mí bíi kí n má sọ fún ọkọ mi, kí n jẹ́ kí a sá lọ sínú igbó lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń gé okúmé. Níkẹyìn mo sọ ọ́, mo sì ń wo ojú rẹ̀ bí mo ti ń sọ ọ́. Ó ń pọ́n abẹ. Ó ní, "Ó dára. Yóò bá wa lọ." Ó sì ń pọ́n abẹ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí a lọ sí ilé iṣẹ́ àwọn àlejò náà, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn èrò tó pọ̀, àwọn ará Kamẹrúùnù, àwọn ará Tógò, olúkúlùkù àti ìwé tirẹ̀. Alága ẹgbẹ́ ló ní òun yóò mú alágbẹ̀dẹ wúrà wá bá wa níbẹ̀. Bó ṣe ku díẹ̀ kí ó kàn wá, ọkọ mi dìde, ó ní òun fẹ́ jáde gba atẹ́gùn. Mo di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ó fi ọwọ́ rọra já a gbà, ó jáde. Mo sọ fún ara mi pé ó ti parí nìyẹn. Kò pẹ́ ni tásí dúró, alága àti bàbá sọ̀ kalẹ̀. Bàbá ti gbó, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó dúró síwájú mi, ó bi mí pé ọkọ mi ńkọ́. Mo na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé pe orúkọ ọkọ mi, kò sí ìdáhùn. Àwọn èrò ń wẹ̀yìn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo sì di ojú mi.

Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti lọ ra búrẹ́dì gígùn kan ní òdìkejì títì, ó ní òun rò pé ebi ti ń pa mí. Ìgbà náà ni ojú òun àti ti bàbá ṣe mẹ́rin. Ó gbé búrẹ́dì náà fún mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú gbogbo èrò, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, bàbá." Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tó dìde, ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Akọ̀wé ti ń kánjú. Ó bi bàbá ní Faransé bóyá ó mọ ọkùnrin yìí.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni bàbá wí.

Wọ́n ní ọmọ ta ni. Ó pe orúkọ bàbá rẹ̀ àti agbo ilé wọn. Wọ́n ní láti ìgbà wo ló ti mọ̀ ọ́n. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n ọ́n. Wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n pe ẹlòmíràn. Ohun tí mo ti fi gbogbo oṣù náà sunkún sí kò gbà wọ́n ní àkókò kankan.

Níta, ọkọ mi àti alága lọ wá tásí. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó ní kí n dìde. N kò lè mú un mọ́ra. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo bi í pé, "Bàbá, ta ni ẹ sin ní Kétu?"

Ó ń wo ọ̀nà tí ọkọ mi gbà lọ. Ó ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Mo rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó."

Mo ní, "Ojú àbúrò rẹ̀, àbí?"

"Ọmọ mi, wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n. Wọn kò bi mí ní ohun mìíràn. Oṣù mélòó ni wọ́n fi ti èmi alààyè síta. Bí ẹnìkan bá rí ọ̀nà wọlé, èmi kọ́ ni n ó lé e jáde. Ìwọ náà, má bi í."

Láti ibẹ̀, kò lọ sílé rẹ̀. Ó ní kí tásí gbé òun dé ìsọ̀ ọkọ mi. Ó wọlé, ó jókòó lórí àga, ó ṣí fìlà. Gbogbo Akébé dúró lódìkejì títì, wọ́n ń wòran. Ọkọ mi pa ọṣẹ sí i lórí, ó gbé abẹ, ó fá a láti iwájú dé ẹ̀yìn, bàbá sì la ojú rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n parí, ó dé fìlà rẹ̀, ó kí àwọn èrò lódìkejì, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Kétu wá fárí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ń tò. Ṣùgbọ́n bàbá alágbẹ̀dẹ wúrà kò padà jókòó lórí àga yẹn mọ́ títí tó fi kú, kò sì fi ẹnu kan omi nílé wa rí. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, yóò ṣàdúrà sí i, yóò ní kí n gbé e fún àwọn ọmọ.

Torí a bímọ. A bí méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ́n dàgbà sí ìlú náà, Faransé ni wọ́n fi ń lá àlá. Ọkọ mi hu ewú, ẹ̀yìn ń dùn ún, a ń jà, a ń parí ìjà, bí gbogbo tọkọtaya. N kò bi í. Ojú á rí, ẹnu á dákẹ́. Nígbà tí ẹnubodè ṣí pátápátá, tí gbogbo ènìyàn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, òun kò lọ sílé mọ́. Nígbà mìíràn iṣẹ́ ló pọ̀, nígbà mìíràn ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Èmi náà kò sọ pé kí a lọ. Nígbà tí àìsàn mú un, tó sì kú sí ọwọ́ mi ní ilé ìwòsàn, mo ránṣẹ́ sí Kétu gẹ́gẹ́ bí àṣà, pé dáwódù wọn ti lọ o, kí ni kí a ṣe. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà kúrú. Wọ́n ní àwọn ti ṣe òkú ẹni náà tipẹ́. Libreville la sin ín sí, èmi náà sì bu yẹ̀pẹ̀ tèmi sí i.

Mo ti darúgbó báyìí. Àwọn ọmọ mi ní àṣìgbọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé àbúrò bàbá àwọn ló kú nígbà náà, pé ibi tí ọ̀nà bá ti dí, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ a máa pọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. N kì í bá wọn jiyàn. Ní ọdún tó kọjá, obìnrin Sakété kan tó ń ti Dúálà kó ọjà wá bẹ̀ mí wò. Ó mọ ọkọ mi dáadáa, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín. Ó jókòó pẹ́, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ òjò, kí ó tó wá sọ èyí tó gbé wá. Ó ní òun rí i ní Dúálà, lódìkejì títì, ó dúró sẹ́nu ìsọ̀ kan, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́.

Ìwé ìrìnnà mi wà nínú àpótí. Séjúù mi dára, tèmi fúnra mi ni, kò sí lábẹ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sí ọlọ́pàá ẹnubodè kan tó lè dá mi dúró lónìí, Dúálà kò sì jìnnà. Bí mo bá ní kí ọmọ mi mú mi lọ, yóò mú mi lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé òun ni, èmi ni ará ilé. Bí ojú mi bá bá tirẹ̀ pàdé, yóò tún di dandan fún un láti dìde, kí ó tún wá ìlú mìíràn, ní ọjọ́ orí tó wà yìí, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

Mo bi obìnrin náà ní ohun kan ṣoṣo, pé ṣé ara rẹ̀ le. Ó ní ó le. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bó bá tún gba ọ̀nà náà, kí ó má kí i, kí ó má sì jẹ́ kí ọkùnrin náà rí òun.